Fóònù Ìyá Rẹ Tó Ń Dún ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Kí onígbàjámọ̀ lọ jókòó jàre. Ta ló kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣàn wọ abúlé yìí, tí tọmọdé tàgbà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ wò ó? Èmi ni. Ta ló ń fi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ṣájì fóònù gbogbo ilé, títí kan fóònù onígbàjámọ̀ fúnra ẹ̀? Èmi náà ni. Ṣé ẹni tó ń fá orí ló wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù? Orí tó fá fún mi kẹ́yìn gan-an, ńṣe ló dà bí oko àgbàdo tí ewúrẹ́ wọ̀.

Ọmọ mi, má bínú, inú ló ń bí mi kí n tó mú bírò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ le, ṣé wọn kì í jágbe mọ́ ẹ nídìí iṣẹ́ ìránṣọ? Abẹ́rẹ́ ò ní gún ẹ lọ́wọ́. Ìlú ńlá yẹn ò ní gbé ẹ mì. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, kò ní tán nígbà tó bá kàn ẹ́. Èmi bàbá rẹ wà bí mo ṣe wà, ewú kan ò tíì sí lórí mi, àwọn kan ṣì ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Ilé nìkan ló tutù. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, orí àga ẹ̀ ni mò ń kó aṣọ sí, kó má bàa dà bíi pé ó ṣófo.

Ọ̀rọ̀ fíìmù kan tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin kan ni, abókùúsọ̀rọ̀ ni, á jókòó, á dijú, òkú á wá bá a, á sì jíṣẹ́ fún àwọn ará ilé òkú. Tó bá parí, wọ́n á kọ nọ́ńbà sísàlẹ̀ pé kí àwa òǹwòran fi èrò wa ránṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ní eré lásán ni, pé ńṣe ni wọ́n ń sanwó fún obìnrin náà kó máa dijú. Mo ní ṣé ó ti rí irú omijé yẹn tí wọ́n ń fi owó rà rí. Èmi gan-an ló máa ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀, ibi tí mo bá sún àga mi sí, ojú ẹ̀ á bá mi débẹ̀. Mo wá nu ojú tẹlifíṣàn dáadáa kó lè máa rí wa, mo sì gbé fọ́tò ìyá rẹ kọjú sí i, kó má lọ pe ìyá ẹlòmíì fún mi.

Mo bá fi èrò tèmi ránṣẹ́. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ìyàwó mi, ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn, ṣé ó ń gbọ́ tí ọmọ ẹ̀ ń pè é.

Torí mo mọ̀ pé o ń pè é. O rò pé mi ò mọ̀. Fóònù ìyá rẹ ò kúrò nídìí ṣájà látọjọ́ tá a ti sin ín, èmi ni mò ń ra káàdì sí i kí wọ́n má bàa gba nọ́ńbà ẹ̀ fún ẹlòmíì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, á dún, á máa gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí òtútù mú, orúkọ tí ìyá rẹ fi ń ṣìkẹ́ ẹ á yọ lójú ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á kọjú sí mi. Èmi tí mo lẹ́nu tó yìí, mi ò ní lè gbé e. Mo máa ń rò pé tó o bá gbọ́ ohùn mi, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ dájú pé òun kọ́ ló máa gbé e mọ́. Màá jẹ́ kó dún tán.

Kò pẹ́ tí èrò mi lọ ni èsì wọlé: A ti gbọ́ yín, èrò yín ṣe pàtàkì sí wa. Mo fò sókè, mo kà á sétí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹ wò ó, òun àti ìyá ọmọ mi ni wọ́n jọ gbọ́. Mo sunkún díẹ̀, àmọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ ni mo dì í rù. Ìgbà tó yá ni onígbàjámọ̀ gbé fóònù tiẹ̀ wá. Òun náà ti fi èrò tiẹ̀ ránṣẹ́, ó bú obìnrin náà pé òpùrọ́ ni, èsì tèmi gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun náà. Mo ní bóyá obìnrin náà níwà ni, tí kì í bá òmùgọ̀ bínú. Àmọ́ mi ò ka èsì yẹn sétí ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú fíìmù náà ní kí abókùúsọ̀rọ̀ bá òun pe ìyá òun. Òkú ò dáhùn. Obìnrin náà bá yí ohùn padà, ó ń ṣe bí ìyá ọmọ, ó ń kí i, ó ń kẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀bù mi dàrú. Onígbàjámọ̀ ní ìyà ló tọ́ sí i, pé èèyàn kì í fi òkú purọ́ fún ọmọ. Èmi ní irọ́ yẹn sàn ju kí ọmọ máa pe ẹni tí kò ní dá a lóhùn. Màmá Oníbọ́tìnnì, àgbà obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọn kì í dá sọ́rọ̀ rárá, ni wọ́n wá bèèrè pé, bàbá ọmọ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní látìgbà tí fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, yàrá kejì ló jókòó sí, ara ẹ̀ le koko, kò sẹ́ni tó ní kó wá dá ọmọ ẹ̀ lóhùn. Wọn ò wojú mi tí wọ́n fi sọ ọ́. Onígbàjámọ̀ wojú mi, àmọ́ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mi ò rí èrò kankan fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí wọ́n bá rí owó díẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ fún epo jẹnẹrétọ̀, mi ò fẹ́ kí fóònù yẹn kú láìṣájì. Awakọ̀ ni kí wọ́n fi rán o, kí wọ́n má fi sí báǹkì. Mo dé ọ̀hún, ẹ̀rọ kan lára ògiri ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Mo ní àṣírí wo ló pa èmi àti ògiri pọ̀, mo bá bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Wàá dàgbà, wàá gbó. Ọjọ́ ń bọ̀ tó o máa rántí ìyá rẹ, tí ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa ẹ́ kí ẹkún tó dé. Ilé tó o bá wọ̀, wàá bá ẹni tó máa dá ẹ lóhùn níbẹ̀.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, pe nọ́ńbà ìyá rẹ bó o ṣe máa ń pè é. Ohùn mi ò dùn tó tiẹ̀, àmọ́ màá gbé e. Má pe tèmi o, onígbàjámọ̀ àti àwọn oníjiyàn ẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sinmi, mi ò sì fẹ́ kí fóònù mìíì máa dún pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ. Tèmi, mo ti pa á.