Kọ́ọ̀dù Méjì fún Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa? O kú oríire ìdánwò tí o parí. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí, torí mo ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀ ọ́.

Irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Láti oṣù méjì, gbogbo ìgbà tí o pè tí mo ní bàbá rẹ ń sùn, tí mo ní ó wà ní balùwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló wà, tó tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó fẹ́ fi ojú gbà á lọ́wọ́ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ jọwọlọ. Ẹsẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. Bàbá rẹ tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Jókòó." Bí ebi ń pa á, "Jókòó." Dókítà kí i, ó ní, "Jókòó." Dókítà sì jókòó lóòótọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, àfi bí a ṣe rí i tí omijé lé ròrò sójú bàbá yín.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó ń kọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní, "Ìyá, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ló dí. Ọ̀nà orin lè má dí. Orin tó ti mọ́ bàbá lára ni kẹ́ ẹ máa kọ, kó falẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn." Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí a kò rí ìyàtọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè bàbá rẹ.

O kúkú mọ ohùn mi. Ilẹ̀kùn tí kò rí epo sàn jù mí lọ. Mo kọrin fún un lọ́jọ́ mẹ́ta, ó kọjú sí ògiri lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà náà ni mo fa gìtá rẹ yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e tọ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa lọ, torí mo máa ń gbọ́ tó ń ta gìtá bí oníbàárà kò bá sí.

Ó ní mi ò nílò ju kọ́ọ̀dù méjì lọ, ìyẹn ọ̀nà méjì láti to ìka sórí okùn. "Èkínní ni ilé, ìka mẹ́ta. Èkejì ni àjò, ìka méjì. Ẹ jáde nílé, ẹ dé àjò, ẹ padà wálé. Orin parí, Ìyá." Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń di abẹ́rẹ́ mú láti ogún ọdún kò mọ ọ̀nà okùn gìtá. Orí ìka mi bó, mi ò lè ti aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ láìké "yéè." Bí mo bá kúrò nílé, kí n tó débi àjò, orin á ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Onígbàjámọ̀ á ní, "Ẹ rọra o! Ẹ má fún un lọ́rùn, kì í ṣe adìẹ." Àwọn tó wá gẹrun á máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ni mò ń kà.

Orin tí mo mú ni èyí tí bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ṣe fún ọ nígbà tí o máa ń fi iléèwé falẹ̀: "Bàtà rẹ dà, ọmọ mi? Ó wà lẹ́nu ọ̀nà." Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí mo ṣe ń ta á lọ, ó fi ọwọ́ òsì gbá gìtá náà bọ́ sílẹ̀. Ó ń pariwo, "Jókòó! Jókòó!" Mo bọ́ síta, mo dúró láàárín aṣọ tí mo sá, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Lọ́jọ́ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé àga mi jìnnà sí i.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Yàrá obìnrin náà nílé ìwòsàn kéré. À ń gbọ́ ikọ́ ẹni tó kàn lẹ́yìn wa. Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo kúrò nílé, mo dé àjò, "Bàtà rẹ dà, ọmọ mi?" Ìka mi gan síbẹ̀. Mi ò rántí ọ̀nà ilé mọ́! Mo ta àjò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un ta. Obìnrin náà gbójú wo aago.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọwọ́ bàbá rẹ lórí orúnkún rẹ̀. Gbì. Gbì. Ẹnu rẹ̀ wọ́, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. "Ó… wà… lẹ́nu… ọ̀nà." Ohùn rẹ̀ gan-an ni, kò sì ṣi orin náà kọ. Mi ò mọ bí ìka mi ṣe rí ilé.

A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà obìnrin náà juwọ́ sí mi pé kí n dá okùn dúró. Bàbá rẹ wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ, ó wo ilẹ̀kùn, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Kò kọrin. Ó sọ̀rọ̀ ni:

"Ọmọ mi dà?"

Ìwọ ni bàbá rẹ ń béèrè. Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní àyè bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ti sọ "omi", ó ti sọ "ó gbóná". "Jókòó" ṣì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ọmọ mi, dáríjì mí. Ẹ̀rù bà mí pé wàá fi ìdánwò sílẹ̀ sáré wálé. Mi ò sọ pé ó tọ́. Pè wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi kọ́ ni màá gbé fóònù, bàbá rẹ ni. Bí o bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, má pa á, má sì bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dúró dè é.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò yọrí sí rere. O kò ní fi ẹkún wá wa wálé.

Èmi ni ìyá rẹ tó purọ́ fún ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Má bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ní kí a sọ fún ọ. Èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́.