Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta, Àgbà Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín nítorí ìdúró pípẹ́ ní ilé oògùn sì ti fúyẹ́. Ara tiwa le nílé. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

Ẹ mọ̀ pé mo ti wọ ọdún méjì tó ṣáájú yunifásítì, àti pé ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré là ń mú fún ìdánwò A-Level. Ó pẹ́ tí mo ti mọ mẹ́ta tèmi: Ìṣirò, Físíìsì àti Iṣẹ́ Ọnà. Mo fẹ́ di ẹni tó ń ya àwòrán ilé. Àtìgbà tí mo ti ń fi páálí bàtà kọ́lé fún ọmọláńgidi mi ni mo ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn dà bíi rédíò tí wọ́n tàn sílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n pèpàdé lé mi lórí ní pálọ̀. Bàámi, tó ń ṣe iṣẹ́ iná, ní ẹnjiníà làwọn ń fẹ́, kí n má baà máa gun àkàbà kiri bíi tàwọn. Màámi, tó ti ń fọ aṣọ ọsibítù kí wọ́n tó bí mi, ní dókítà làwọn ń wò lójú mi. Àbúrò màámi, tí èmi àti ẹ̀yin ń pè ní Lọ́yà Inú Ilé torí pé wọn ò kàwé òfin rí àmọ́ kò sẹ́jọ́ tí wọn kì í dá, ní agbẹjọ́rò gidi ni kí n dà. Ohùn ń lọ sókè. Ni bàámi bá ní, “Ẹ gbọ́, mo ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà, àgbà mẹ́ta la jẹ́. Kí oníkálukú mú ọ̀kan, kí àlàáfíà lè wà.”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pín mi bí ẹni pín búrẹ́dì! Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò.

Bàámi mú Físíìsì, màámi mú Báólójì, Lọ́yà mú Lítíréṣọ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Wọ́n tún wá rántí ọ̀sán Ọjọ́rú. Nílé ìwé wa, kò sí kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kálukú ń yan ohun kan tí kò ní ìdánwò nínú, kí ọwọ́ àti ọpọlọ lè gbòòrò sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan pèpéle fún eré orí ìtàgé ni mo wà. Olùkọ́ wa níbẹ̀, tí à ń pè ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀mejì, kì í jẹ́ ká fi ayùn kan pákó láìjẹ́ pé a ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo ya àtẹ̀gùn tí àwọn òṣèré máa gùn lọ́dún yìí. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gùn ún dókè, kò sì mì. Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n pín ìyẹn náà o! Táàmù kìn-ín-ní, kọ̀ǹpútà ti bàámi. Ìkejì, ìtọ́jú pàjáwìrì ti màámi. Ìkẹta, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ti Lọ́yà.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa lọ bá màdáámù tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́. Màdáámù wo ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí dà?” Àwọn àgbà mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Màdáámù wá ṣàlàyé pé láìsí Ìṣirò, kò sí ẹnjiníà. Láìsí Kẹ́mísírì, kò sí dókítà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Háà! Bàámi ní àwọn lè yí tàwọn padà tí màámi bá kọ́kọ́ fi Báólójì sílẹ̀. Màámi ní kí Lọ́yà kọ́kọ́ sún. Lọ́yà ní ìpín ni ìpín.

Ó sú mi, ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀ yìí, mo dá lọ bá màdáámù ní ọ́fíìsì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ Ìṣirò, Físíìsì àti Iṣẹ́ Ọnà.” Wọ́n bi mí bóyá wọ́n mọ̀ nílé. Mo ní wọ́n á mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Màdáámù kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní tí òbí mi bá ta kò ó kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á pa á rẹ́.

Mi ò pè yín lórí fóònù, torí ẹ ó fi ohùn jẹ́jẹ́ yín tẹ orí mi ba. Aládùúgbò wa tó ń wa bọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Tí mo bá ti sọ fún wọn, bàámi á pè yín, ẹ̀yin nìkan sì ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá wa wá àlàáfíà kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ pé ẹ̀yìn mi lẹ wà. Tó bá dìjà, kó dìjà. Èdè lẹ̀yin náà fẹ́ kọ́, wọ́n ní kí ẹ lọ kọ́ oògùn, ẹ ní tó bá yá ẹ ó padà ṣe tiyín. Ṣé ó ti yá?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín gbè yín, kí ojú wa sì tún ríra láìpẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń bínú sí yín, tó sì fẹ́ràn yín.

Àfikún: Lọ́jọ́ tí bàámi pè yín, mò ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo kàn nu ọwọ́ mi gbẹ, mo dúró, torí mo rò pé ẹ máa ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi.