Èmi ni mo yọ Campama kúrò nínú ìwé ìrànwọ́

Ẹ̀yin ará pèéjì yìí, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Hawa. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán... Ọmọ Yorùbá ni mí, ọ́fíìsì ìrànwọ́ kan ní Banjul, ní Gambia, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti lé lógójì ọdún dáadáa, ẹnu mi ò sì kí ń dákẹ́. Hawa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ẹ̀yà Aku tó ń sọ Krio, láti àdúgbò Portuguese Town, ló kọ script tó ń yan agboolé tí a máa fún ní mátírẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ìkún omi. R, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló fi kọ ọ́, iṣẹ́ kan nínú ikùn èkejì, àkámọ́ lórí àkámọ́, bí ẹni wé gèlè mẹ́ta léra wọn. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní kó gbé e wá kí n fi páìpù tò ó, àmì %>% tuntun yẹn, tó ń gbé èsì iṣẹ́ kan fún èyí tó tẹ̀ lé e, kí ọmọ aráyé lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Brother, if you spoil am, na you go answer o!"

Mo bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé inú lọ́hùn-ún ni irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, òde ló ń parí sí. Èmi ọ̀mọ̀wé, bí ojú mi ṣe kà á láti òsì ni mo ṣe tò ó! Hawa máa ń ro gbogbo yàrá tí omi wọ̀ nínú agboolé kan pọ̀ ná, kó tó yọ agboolé tí yàrá rẹ̀ ò pé mẹ́ta. Èmi kọ́kọ́ yọ ìdílé tí yàrá rẹ̀ ò pé mẹ́ta, mo tó wá rò wọ́n pọ̀. Àdúgbò Campama wá ńkọ́, níbi tí ìdílé mẹ́wàá ti ń gbé agboolé kan, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan? Gbogbo wọn dànù... kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ húkọ́!

Orúkọ Hawa ló wà lórí ìwé náà. Ọ̀gá wa rí i pé Portuguese Town wà níbẹ̀, Campama ò sí, ó ní Hawa ń ṣojúsàájú fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀, ó ní kó jókòó sílé títí di Monday tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Monday yẹn náà ni mátírẹ́ẹ̀sì tó kù máa lọ sí ìlú míì. Ọ̀gá kan náà ló sì máa fọwọ́ sí contract tuntun mi. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe fẹ́ dákẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ Campama ṣì ń sùn lórí símẹ́ńtì tútù? Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde... èmi tí mò ń pa gbogbo ọ́fíìsì lẹ́rìn-ín! Hawa rò pé òun ló ti ṣàṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó tò ó. Ó ní kí n bá òun wo kóòdù náà, mo ní mò ń wò ó. Lánàá ó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná ránṣẹ́ sí mi, ó ní nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo dúró ti òun... mo sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí Monday tó dé, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, Hawa ni àbí ọ̀gá? Ojú wo ni mo sì fẹ́ fi wo Hawa?