Àga Òsì Nínú Mọ́tò Wiebe

Màmá, ẹ kú ilé. Ara wa le ní Groningen níbí, Jikke ti ń rìn. Mọ́tò àtijọ́ tí ọkọ mi rà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dán. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà, ẹni tó bá jókòó lósì ló ń bá Wiebe wo ọ̀nà kó tó ya ọkọ̀ tó wà níwájú sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà kò ní bẹ́líìtì fún ọmọ, ni Annelies, ọmọ ẹgbẹ́ onímọ́tò àtijọ́ wọn, bá gba àga mi.

Lánàá, mo gbé Jikke fún aládùúgbò, mo bá Wiebe jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa. Wiebe ní, "Ṣé kí n lọ?"

Mo ní, "Dúró ná!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Jikke, ojo! Annelies á ti ní kí n máa lọ."

N kò jowú o, Màmá. Orúkọ rẹ̀ ni etí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Jikke ń kí yín. Wiebe ì bá kí yín, ó ti lọ gbé ẹni tí mo wí yẹn.

Ọmọ yín,
Femke