Mo Ti Fi Oògùn Pa Ọrùn Rẹ Nínú Fóònù

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Gbogbo wa níbí la ń dúpẹ́, àfi awọ ara bàbá rẹ nìkan ni kò bá wa dúpẹ́.

Láti ìgbà tí o ti fi súwẹ́tà pupa yẹn ránṣẹ́ ni nǹkan wínníwínní ti sú bò ó láti ọrùn dé ìdí, ó sì ń yún un bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. O sì mọ̀ pé orí ló ń fá jẹun. Lọ́jọ́ Ajé, ibi tó ti ń fá irùngbọ̀n olùkọ́ àgbà ni ẹ̀yìn ti yún un lójijì, kó tó họ ọ́ tán, ìdajì irun orí ètè olùkọ́ ti lọ. Ní báyìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù làwọn oníbàárà ń gbà kọjá.

Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ní kó bọ́ súwẹ́tà, kó gé èékánná, kí n máa fi aṣọ tí mo rì bọ omi tútù lé ibi tó ń yún un, kí n sì fi oògùn olómi funfun kan pa á. Èékánná, ó gé e. Súwẹ́tà ńkọ́? Ó fi àáké kọ́rí. Mo bá da omi tútù sórí súwẹ́tà, mo fi oògùn pa súwẹ́tà dáadáa, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò yé yún. Ó ti wá ń sín báyìí.

Lọ́jọ́ tí o pè tí a ń rí ojú rẹ, bí bàbá rẹ ṣe ká aṣọ sókè tó fi ẹ̀yìn hàn ọ́ báyìí ni mo rí i tí o bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Àyà mi já, mo ní áà, ó ti kó o! Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré da oògùn sójú fóònù, mo fi pa ọrùn rẹ, mo tún fi aṣọ tútù lé e. Ò ń pariwo pé kí n jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé oògùn náà máa ń ta èèyàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀, nítorí láti ọjọ́ náà n kò tún rí ọ kí o họ ara. Ojú fóònù ti dúdú, mo ní kó sinmi.

Jọ̀ọ́, fi owó ìgò oògùn mìíràn ránṣẹ́, fóònù ti mu ìdajì èyí tó wà nílẹ̀.

Lánàá, mo bá bàbá rẹ jà, mo ní kí ló dé tó ń jìyà nítorí aṣọ. Ó ní ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, súwẹ́tà yẹn nìkan ni nǹkan tí ọwọ́ rẹ kàn tó wọ ilé yìí, òun ò ní bọ́ ọ àfi tí òun bá rí ẹni tó rà á. Mo kàn wọ yàrá lọ sunkún díẹ̀.

Nítorí náà, má fi aṣọ ránṣẹ́ mọ́, wá fúnra rẹ. Ọ̀nà á là fún ọ, wà á lọ, wà á bọ̀, o ò ní pàdé aburú. Bí o bá sì ti wọlé, kó o tó jókòó, jọ̀ọ́, bá bàbá rẹ họ ẹ̀yìn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.