Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ fún Màámi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Òjò ṣì ń jò wọ ṣọ́ọ̀bù yín ní Dichemso, àwọn oníbàárà sì ti bọ́ lọ́wọ́ gẹ̀ẹ́sì yín láti ọjọ́ tí ẹ ti papò dà. Ẹ rántí bàbá tí kò yéé ná àgádágodo, tí ẹ pè ní "obstinate"? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó sì ra méjì.

Láràárọ̀, kí ògì àti búrẹ́dì tó kàn wá lẹ́nu, ẹ ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó fìka kan ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ló máa jẹun. Ẹ kì í gba Twi, èdè àwọn onílùú ibí. Ebi ló kọ́ mi ní gẹ̀ẹ́sì, Bàbá. Ìwé ẹ̀rí nìkan ni politẹ́níìkì fún mi.

Ara Màámi ò yá. Nǹkan kan hù sí wọn nínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ gba èsì àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ní Bantama. Dókítà náà kò sọ púpọ̀: "inoperable." Màámi yíjú sí mi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pé abẹ kò lè kàn án. Ìtumọ̀ náà péye, ẹ̀yin náà ì bá fún mi ní búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí Màámi ṣe ń bẹ̀rù abẹ. Gbogbo ìjọ ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ dókítà. Dókítà ń wò mí, èmi ń wo bàtà rẹ̀. Bàtà tó dára ni. Nínú tírótírò, ọkọ̀ èrò tó gbé wa padà sílé, Màámi fi Twi ròyìn fún gbogbo èrò. Awakọ̀ fun fèrè bá wa yọ̀.

Láti ìgbà náà, mo máa ń jókòó tì wọ́n láti sọ ìyókù. Tí mo bá ti lanu, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tó kàn yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka ìwé dókítà. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló yé yín? Kí ló dé tí ẹ ò túmọ̀ rẹ̀ fún wa?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màámi fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n ti rán aṣọ funfun. Yorùbá ni wọ́n máa sọ, èmi ògbufọ̀ ìjọ á sì máa sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ, tí "inoperable" yé dáadáa, ló máa ń jókòó níwájú. Màámi ti kìlọ̀ fún mi kí n má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín títí di òní.