Ojú Ìwé Funfun Lọ́jọ́ Tí A Sin Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi Ọlájùmọ̀kẹ́,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Gbogbo wa ní Obiagu, ní Enugu níbí, wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti wálẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, ẹ pè mí láti Kánádà pé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tí mo ṣe kí ẹ lè máa wo ìsìnkú náà ń ṣí ní funfun báláú, ẹ ò rí nǹkan kan. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni. Mo tún jágbe mọ́ yín.

Lánàá, Lilian tó ń gbé yàrá kejì ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Funfun ni, bí ẹ ṣe sọ; kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Kí a tó sin Màmá, fóònù tèmi nìkan ni mo fi dán an wò. Adéṣẹ́gun tó ń fi iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù jẹun ti kìlọ̀ fún mi: “Olóríkunkun, yá fóònù ẹlòmíì kí o fi dán an wò! Gbogbo fóònù kọ́ ló ń ṣí i bákan náà.” Mo ní, “Ìyá mi ni, èmi ni màá ṣe é.”

Ẹ má bínú. N kò tíì sunkún. Mo kàn ń jí, mo ń jẹun, mo ń sùn.

Adéṣẹ́gun ti tún un ṣe. A fi fóònù méje dán an wò ní ọjà Artisan. Fídíò ìsìnkú náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó ṣí i, torí èmi náà ò tíì lè wò ó. Ẹ óò rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu erùpẹ̀ sí sàréè. Tiyín ni èkejì.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Ọmọ́níyì